Ẹ̀wù Òtútù Amaq Sinar

"Wọ́n ní kò tíì kú tán nígbà tó..."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi kọ́ ló sọ. Wọ́n ní ó ń bọ́ ọ lára ẹ̀, ẹni yẹn sì ń..."

"Ń kí ni?"

"Ń pariwo 'aṣọ mi, aṣọ mi'. Èyí sì..."

"Sukrim yìí náà? Sukrim tó jẹ́ pé..."

"Òun náà mà ni. Ara ẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ̀wù náà láàárọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń lọ nídìí ẹ̀rọ omi ní Lendang Sari, lẹ́sẹ̀ òkè Rinjani. Bí garawa kan bá kún, ẹni tó rù ú á ru ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn. Nígbà tó bá fi máa délé, ọ̀rọ̀ á ti wúwo ju omi lọ.

Sájẹ́ǹtì Jumenah dúró lẹ́yìn wọn, ó gbé alùpùpù rẹ̀ ti ògiri. Kò wọ aṣọ iṣẹ́, wọn ò sì dá a mọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó rí i lára kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń pọ́nnu lá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni.

Amaq Sinar, ìyẹn bàbá Sinar, ni òkú náà. Òun ni àgbà nínú àwọn afinimọ̀nà tó ń mú àlejò gun òkè. Ibùdó tó wà létí òkè, níbi tí wọ́n ti ń pàgọ́ sùn kí wọ́n tó gun ṣónṣó, ló kú sí. Òtútù ló pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá a nínú àgọ́ rẹ̀, ó wà ní ìhòòhò, àfi fìlà orí rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀. Sukrim, aláàárù rẹ̀, jókòó tì í. Ẹ̀wù òtútù olóògbé wà lọ́rùn rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

Wọ́n ti sin òkú lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ti Sukrim mọ́ yàrá tí baálẹ̀ ń kó aáyù sí, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa lù ú pa. Baálẹ̀ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí wọ́n bá ti ṣe sàráà ọjọ́ kẹsàn-án tán, Sukrim á lọ sẹ́wọ̀n, ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún á sì kó kúrò lábúlé.

"Àfi tẹ́ ẹ bá rí nǹkan mìíràn, Sájẹ́ǹtì," ni baálẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò fi hàn pé ó ń retí rẹ̀.

*

Òórùn aáyù yàrá náà ń ta lójú. Sukrim jókòó sórí àpò, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Ṣé ìwọ lo bọ́ ọ?"

"Rárá, ma."

"Báwo ni ẹ̀wù ẹ̀ ṣe dé ọrùn ẹ?"

"Òun ló jù ú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà."

"Mo gbà," ni Jumenah wí.

Sukrim gbójú sókè.

"Mo ti bi dókítà. Ẹni tí òtútù bá máa pa, tó bá kù díẹ̀ kó kú, ara ẹ̀ á tàn án. Á máa rò pé iná ń jó òun. Á máa bọ́ra sílẹ̀. Kì í ṣe ìhòòhò ẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí òtútù ṣe rí i mú. Ṣé òjò rọ̀ ni?"

"Nínú oṣù kẹjọ yìí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀kán kan ò rọ̀. Afẹ́fẹ́ ni, àti ìkùukùu. Ìkùukùu kún inú àgọ́ bí èéfín ilé ìdáná."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé àgọ́ àwọn àlejò lọ. Amaq Sinar jáde lọ dì í mú. Nígbà tó fi máa wọlé, ó ti làágùn, aṣọ ara ẹ̀ ti rin. Ó bọ́ ọ, ó tú àpò ike ẹ̀, ó wọ aṣọ sísùn ẹ̀."

"Aṣọ gbígbẹ."

"Gbígbẹ la ń pè é. Ṣùgbọ́n kàkà kí ara ẹ̀ gbóná, ńṣe ló ń gbọ̀n sí i. Mo bò ó, mo dì mọ́ ọn, òun ṣì ń gbọ̀n. Ìgbà tó ju ẹ̀wù náà sí mi tí mo wọ̀ ọ́ lé tèmi, ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́ rí, ma? Bẹ́ẹ̀ ló rí."

"Kí ló sọ kó tó kú?"

Sukrim yíjú sí ògiri.

"Sukrim."

"Ìyẹn kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ìyàwó ẹ̀ ló ni ín. Òun ni wọ́n rán mi sí."

"Ìyàwó ẹ̀ ní òun ò fẹ́ rí ojú ẹ."

"Mo mọ̀, ma. Á jẹ́ pé inú mi ló máa wà nìyẹn."

Nígbà tí Jumenah jáde, ìyá arúgbó kan ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fa màlúù pupa kan lọ́wọ́. Papuq Rinah ni, gbogbo abúlé ló ń pè é ní ìyá àgbà.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni ọlọ́pàá? Mo ní ẹjọ́."

"Ẹjọ́ kí ni, Màmá?"

"Hirjan ń sọ òkò lu màlúù mi."

"Kí ni màlúù ṣe é?"

"Ó ń lá ọgbà ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ni. Ọparun gbígbẹ lásán. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gun òkè tó pa ọkùnrin yẹn. Bí mo bá gé koríko fún un, á kọ̀, á lọ máa lá igi bí ẹni ń lá oyin. Ṣé ó wá di ọ̀ràn kí ẹranko lá igi?"

"Kì í ṣe ọ̀ràn, Màmá."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà."

Jumenah rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá Hirjan sọ ọ́.

*

Inaq Sinar, ìyá Sinar, ìyàwó olóògbé, kò dìde nígbà tí Jumenah wọlé. Ó na ẹní kan sí i.

"Wọ́n á ti sọ fún yín pé mo bá a jà lọ́jọ́ tó ń lọ."

"Wọ́n sọ ọ́."

"Mo bá a jà. Òkè ti dé fìlà ìkùukùu láti àárọ̀. Bó bá ti dé fìlà, afẹ́fẹ́ ń bẹ lókè nìyẹn, ọmọdé ilé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní fìlà kékeré ni, pé òun ti múra dè é. Mo ní fìlà ni fìlà ń jẹ́. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Ta ló di ẹrù ẹ̀?"

"Èmi. Aṣọ mẹ́ta ló máa ń wọ̀ gòkè: èyí tí á gba òógùn, èyí tí á mú ooru, èyí tí á dá afẹ́fẹ́ dúró. Aṣọ sísùn ọ̀tọ̀. Inú àpò ike la ń dì í sí, kò sì gbọdọ̀ tú u títí wọ́n á fi pàgọ́. Ó máa ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ pé òtútù kì í pa ènìyàn. Omi ló ń pa ènìyàn. Òtútù kàn ń wá sìnkú ni." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ẹ wá wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí i."

"Kí ló wà nínú àpò ike náà?"

"Ẹ̀wù òtútù ẹ̀ àti ṣòkòtò ẹ̀. Fìlà onírun. Ìbọ̀sẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ ló gbẹ?"

"Gbogbo ẹ̀ ló gbẹ kẹ̀. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò tiẹ̀ tún le gbagidi, bí ìgbà tí wọ́n fi sítáàṣì sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń fi sítáàṣì sí aṣọ òkè."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ̀ ọ́?"

"Hirjan ló yá méjèèjì. Tiẹ̀ ti ya. Ó fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà, bó ṣe yẹ."

"Ẹ tú u wò?"

Inaq Sinar wò ó bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ rírùn. "Ẹni tó dá nǹkan padà ní fífọ̀ ní kíká, ẹ fẹ́ kí n tú u? Kí n wá máa gbọ́n ọn, kí n máa gbóòórùn ẹ̀? Ṣé kí n kúkú pè é lólè? Bó ṣe ká a ni mo ṣe kì í bọ àpò."

Jumenah kò jiyàn. Ìyá òun náà ti gbá a létí rí nígbà tó wà ní kékeré, torí pé ó tú ìró tí aládùúgbò dá padà wò.

*

Haji Marzuki ló ń yá àwọn tó ń gun òkè ní àgọ́ àti àpò ìsùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń sọ pé kí wọ́n sun ẹ̀wù náà àti àpò ìsùn olóògbé níná.

"Nǹkan òkú ni, Sájẹ́ǹtì. Kò dáa kó máa wà nílẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń kánjú?"

"Ta ló ń kánjú?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo yàrá ẹrù yín."

Ojú Haji ṣú. Kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ìyàwó lọ sóko. Jumenah jókòó, ó ní òun á dúró. Kọ́kọ́rọ́ yọ jáde látinú àpò Haji fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Jumenah fi ọwọ́ bo imú. Àpò ìsùn so kọ́ láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹran alápatà. Òórùn ẹsẹ̀ ni, òórùn òógùn ọdún pípẹ́, àti nǹkan mìíràn tó kan lábẹ́ rẹ̀. Èébì ẹnìkan ti gbẹ sí ọrùn ọ̀kan. Irun ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ ẹnu òmíràn.

"Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Àlejò ò bèèrè."

"Ṣé ẹ lè sùn nínú ẹ̀?"

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Jumenah gbé àpò ìsùn tí Amaq Sinar lò jáde, ó di eteetí rẹ̀ mú bí ẹni gbé òkú eku. Ó ti mọ ohun tí Haji ń sá fún. Ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò tíì sọ aṣọ gbígbẹ di tútù rí.

*

Ó bá Hirjan níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń se ẹran sàráà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé olóògbé. Hirjan lafinimọ̀nà kejì sí Amaq Sinar, ọkùnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín. Eegun ló ń fà lẹ́nu. Ọ̀rá ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jẹun, Sájẹ́ǹtì. Ẹran bàbá wa ni."

"Mo ti yó. Wọ́n ní ẹ wà nínú àgọ́ tó tẹ̀lé tiwọn."

"Èmi àti àwọn àlejò tèmi."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. 'Aṣọ mi, aṣọ mi.' Báyẹn gan-an." Ó fa mùdùnmúdùn inú eegun, ó dún. "Ó dùn mí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Mo wẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí mo bá wẹ bàbá mi."

Jumenah wo ọwọ́ méjèèjì àti ọ̀rá tó wà lára wọn. Ó gbójú kúrò.

"Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ ò sì jáde?"

"Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe."

"Kí ló mú aṣọ ẹ̀ rin?"

"Òjò ni, kí ló tún kù."

"Òjò rọ̀?"

"Ó rọ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀wù tẹ́ ẹ yá ńkọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́. Ọṣẹ olóòórùn dídùn ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo sá a sórí ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi, ó gbẹ, mo ká a, mo dá a padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ọ̀dọ́ kan ké láti ìdí ìkòkò: "Aláṣọ, ṣẹ́ eegun kù fún wa!"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Hirjan náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eegun ẹnu rẹ̀ dúró.

Jumenah pe ọ̀dọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè é ní Aláṣọ?"

"Eré ni, ma. Lẹ́ẹ̀kan, ó mú àlejò gòkè, aṣọ tó wọ̀ ò tó nǹkan. Àlejò ló wá ń tì í sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ewé. Amaq Sinar wá sọ lójú gbogbo wa pé: 'Hirjan, o mọ òkè, aṣọ lo ò mọ̀ ọ́n wọ̀.' A rẹ́rìn-ín títí. Látìgbà yẹn ni. Ìyàwó ẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Òun náà ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ma."

*

Ó kù ọ̀la kí wọ́n ṣe sàráà. Jumenah so okùn sí àgbàlá Inaq Sinar. Ó sá gbogbo nǹkan tó bá olóògbé sùn sórí rẹ̀: ẹ̀wù, ṣòkòtò, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, àti àpò ìsùn Haji tó ń rùn. Oòrùn mú wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn gbẹ. Ẹ̀wù náà le. Ìlà funfun tín-ín-rín kan wà ní ìṣẹ́po apá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè bó ṣe máa ń ṣe, ó gba orí oko kábéèjì kọjá, ó wọ àgbàlá. Jumenah dúró díẹ̀, ó wá ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fìlà gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ gbẹ. Àpò ìsùn Haji ń rùn, ṣùgbọ́n ó gbẹ.

Ó fọwọ́ kan ẹ̀wù, ó yára fà á padà. Tútù, yíyọ̀, bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ṣòkòtò náà rí bẹ́ẹ̀. Okùn kan náà ni, ìkùukùu kan náà.

Ibi tó dúró sí ló wà tí màlúù Papuq Rinah fi já wọ àgbàlá. Ó kọjá lára ewé kábéèjì tútù, kò wò ó. Ó lọ tààrà síbi okùn, ó yọ ahọ́n gígùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá apá ẹ̀wù náà. Itọ́ ń já bọ́ láti ẹnu rẹ̀.

"Háà, aṣọ òkú," ni obìnrin kan wí. Ó mú igi.

"Ẹ má lé e," ni Jumenah wí.

Ó ń wo ahọ́n náà. Ó rántí ọparun gbígbẹ. Ó gbá ìbòrí ẹ̀wù mú ní òdìkejì, níbi tí màlúù kò tíì dé. Ó dijú. Aṣọ tí ènìyàn kú sí ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án.

Ó tu itọ́, ó tún tu.

"Inaq Sinar," ló pè, ó ṣì ń nu ẹnu. "Tó bá di ìgbà òjò, kí ni iyọ̀ máa ń ṣe nínú agolo yín?"

"Iyọ̀? Ó máa ń sunkún. A máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kó má bàa dà di omi."

"Níbo lomi ẹ̀ ti ń wá?"

"Ó ń fà á látinú afẹ́fẹ́ ni. Ta ni kò..."

Inaq Sinar wo ẹ̀wù náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá ẹní.

*

Ọjọ́ sàráà, gbogbo abúlé ló péjọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sí iwájú. Hirjan ló ń gbé abọ́ ẹran kiri bí ọmọ ilé.

Jumenah jáde láti ilé ìdáná. Inaq Sinar tẹ̀lé e, ó gbé ìkòkò kékeré kan dání. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ẹní.

"Ìkòkò mi nìyí," ló wí. "Mi ò tún ní fi se nǹkan mọ́ láyé. Omi tí a fi ṣan ẹ̀wù ọkọ mi ni mo sè nínú ẹ̀ títí omi fi gbẹ. Ẹ wo ìdí ẹ̀."

Wọ́n wò ó. Ìdí ìkòkò funfun gbòò, ó nípọn bí èèpá.

"Kí nìyẹn, Hirjan?" ni Jumenah bi í.

Hirjan fi abọ́ sílẹ̀. "Òógùn ni. Òógùn máa ń níyọ̀."

"Ènìyàn wo ló ń làágùn kún ìdí ìkòkò? Orí la sì ti ń làágùn jù. Fìlà ẹ̀ ò níyọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ò níyọ̀. Èyí tó kúrò nílé yìí, tó dé ilé yín, tó padà, nìkan ló níyọ̀."

"Ìyàwó ẹ̀ ló di ẹrù."

"Màlúù Papuq Rinah ò lá ọgbà ìyàwó ẹ̀. Tiyín ló ń lá, kí ẹ tó gun òkè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé orí ọgbà yẹn lẹ sá a sí."

Papuq Rinah ké láti ẹ̀yìn: "Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ní ọṣẹ olóòórùn dídùn," ni Jumenah ń bá a lọ. "Kò ní òórùn kankan. Ẹ ní òjò rọ̀. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò rọ̀. Ẹ kàn ń wá omi tí ẹ máa fi bo èyí tẹ́ ẹ fi sínú aṣọ."

Hirjan ń wo ojú àwọn ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Hirjan," ni Inaq Sinar wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí ni bàbá Sinar fi ṣe ẹ́?"

Hirjan ń wo ìdí ìkòkò.

"Iyọ̀ tí mo ń fún màlúù mi ni. Mo pò ó sínú omi títí omi ò fi lè gbà á mọ́. Mo ri àwọn aṣọ náà sínú ẹ̀, mo sá wọn. Mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kó gbọ̀n. Kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn àlejò, kó máa gbọ̀n, kí n bi í lójú gbogbo yín pé, 'Amaq Sinar, ṣé ìwọ náà ò mọ aṣọ wọ̀?' Ìyẹn náà ni mo fẹ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí ní Aláṣọ. Ọmọ mi ń pè mí ní Aláṣọ."

"O gbọ́ ohùn ẹ̀," ni Jumenah wí. Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀. "Ìwọ̀n àgọ́ kan ló wà láàárín yín. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà lára ẹ̀. O ò jáde."

"Bí mo bá jáde, á rí ojú mi."

"Sukrim ńkọ́?"

"Wọ́n bi mí ohun tí mo gbọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan."

"O wá wẹ òkú."

"Wọ́n pè mí. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀?"

Ọkùnrin kan tó ti gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ dìde, ó lọ tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Ẹlòmíràn ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ń nù ún, kò dáwọ́ dúró. Àwọn ará ìdí ẹ̀rọ omi sọ orí kodò. Jumenah wò wọ́n. Kì í ṣe Hirjan nìkan ló rí i lára.

"Ẹ lọ mú Sukrim wá," ni Inaq Sinar wí.

Wọ́n mú un wá. Òórùn aáyù bá a wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dìde láti ẹ̀yìn. Inaq Sinar fọwọ́ kan ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí Sukrim wá jókòó.

"Wọ́n ní o ní iṣẹ́ tèmi lọ́wọ́. Mo kọ̀, mi ò jẹ́ kó o jẹ́ ẹ. Foríjì mí. Kí ló sọ?"

Sukrim wo Hirjan. "Inaq, ó ní kẹ́ni yìí má gbọ́."

"Sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Sukrim dijú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọra, bí ohùn ẹni tó dàgbà jù ú lọ.

"Ó ní: 'Sukrim, ooru ń mú mi, ìwọ lò ń gbọ̀n. Gba aṣọ mi. Aṣọ mi yìí, wọ̀ ọ́. Kò gbẹ dáadáa, Hirjan ò sá a tó. Bó o bá délé, sọ fún ìyá Sinar kó tún un sá, ṣùgbọ́n kó má sọ fún Hirjan. Mo ti fi ọ̀rọ̀ aṣọ dójú tì í lójú gbogbo ayé rí. Kò yẹ kó di ẹ̀ẹ̀mejì.'"